Ọjọ́ Tí Oòrùn Dúró Ṣánṣán Lórí Èkó

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń dúró ṣánṣán lókè Ìsàlẹ̀ Èkó, tí òpó á tẹ òjìji ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ kẹfà oṣù Igbe, ìyẹn oṣù kẹrin. Èkejì á dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ti oṣù kẹsàn-án rọrùn díẹ̀, nítorí ìkùukùu sábà máa ń bo ojú ọ̀run nígbà náà. Ti oṣù Igbe ló le. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé fífúyẹ́ tí olú yóò máa hù nínú rẹ̀ fún títà, ọjọ́ yẹn ni kó fi dán ilé náà wò kó tó ra ìṣó.

Orí ìwé ni ilé tí mo fẹ́ tọ̀ ní wákàtí dé wákàtí yìí wà. Mítà 6 ni ìbú rẹ̀, mítà 10 ni gígùn. Ọparun tàbí páìpù ni egungun rẹ̀, ọ̀rá ni ògiri, páànù tó ń dán ni òrùlé. Àpò olú 3,000 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó kìlò kan. Mo gbé e sí etí ọ̀sà, lápá Adéníji Adélé, níbi tí atẹ́gùn ṣì ti ń rí àyè kọjá. Pleurotus pulmonarius ni olú náà, èyí tó lè fara da ooru wa. Mi ò mú olú funfun róbótó inú agolo, Agaricus bisporus: dígírì 16 sí 18 ni ìyẹn ń fẹ́, ẹni tó bá sì gbìn ín sí Èkó, dísẹ́ẹ̀lì ló gbìn.

Aago 3 òru

Àdúgbò ti sùn, àpò ò sùn. Fọ́nrán funfun tó ti bo inú wọn ń jẹ igi, ó ń tú ooru jáde, ó sì ń mí káábọ̀nù dàyọ́ọ́sáìdì síta bíi tiwa. Bí ìta bá wà ní dígírì 26, àárín àpò lè fi dígírì mélòó kan gbóná jù ú lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn.

Èémí yìí ló ń pinnu bí olú yóò ṣe rí. Tí káábọ̀nù dàyọ́ọ́sáìdì bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 1,000 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ olú á gùn tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ á kéré, kò sì sẹ́ni tó máa rà á lówó gidi. Nítorí náà mo ya ihò yíká ìsàlẹ̀ ògiri, mo sì ya òmíràn sí téńté òrùlé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba òkè jáde, èyí tó tutù á gba ìsàlẹ̀ wọlé, a ò sì ní í dúró de iná NẸ́PÀ. Nẹ́ẹ̀tì ló máa dí ihò wọ̀nyí, ojú rẹ̀ á sì há ju ti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọ, torí kòkòrò wínníwínní tó ń yé ẹyin sínú àpò kéré jọjọ. Ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì tó há ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Iye ihò tó bá wá síni lọ́kàn, kí a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Aago 5 ìdájí

Ladani ń pe ìrun àsùbá. Àsìkò yìí ni a ń kórè, kí etí olú tó ká sókè. Olú tó bá ti ká etí sókè ti ń da ẹtù rẹ̀, eruku funfun kan tó lẹ́ bí èéfín. Ẹni tó bá ń fa eruku yìí símú lójoojúmọ́ lè fi gba àìsàn ẹ̀dọ̀fóró; àwọn dókítà ti mọ àìsàn yìí mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé olú tipẹ́. Kò sí olùkórè tó gbọ́dọ̀ wọlé láìbo imú.

Ohun tó mú mi yapa nìyí sí àwọn tó ń sọ pé yàrá òfìfo kan nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ti tó fún olú. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ta ló ń dá gbé? Ní ọdún 1955 ni LEDB, àjọ tó ń rí sí àtúntò ìlú Èkó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò wíwó ilé àárín erékùṣù, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè, torí wọ́n ní ibẹ̀ há jù. Wọ́n kó wọn lọ, ibẹ̀ ṣì há. Ẹtù tó bá jáde lójú fèrèsé yàrá olú, fèrèsé yàrá ọmọ ọwọ́ ẹlòmíràn ló máa gbà wọlé.

Omi tún ńkọ́? Nínú 3,000 kìlò àpò wa, ó tó 1,800 tó jẹ́ omi nìkan, a ó sì tún máa wọ́n omi sára wọn lójoojúmọ́. Lórí àjà ilé àtijọ́, omi yìí á ríbi wọ pákó àti kọnkéré, á jẹ irin inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan tó ní ilé-ìwé nínú wó ní Ìtá-Fáàjì lówùúrọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Kò kan olú rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí ọjọ́ yẹn kò ní gbé ẹrù tútù gun òkè ilé tó ti darúgbó. Ilẹ̀ ni ilé olú mi wà, ó dá dúró, ó sì jìnnà sí fèrèsé ẹnikẹ́ni.

Aago 7 òwúrọ̀

Oòrùn ti yọ láti nǹkan bí 6:43. Olú ti wà nínú agbọ̀n, ó ń lọ sí Òkè Àrín àti ọjà Sandgrouse, ìyókù ń lọ sí àwọn ilé oúnjẹ Ìkòyí àti Victoria Island. Bí kò bá sí ẹ̀rọ amómitutù, ọjọ́ kan tàbí méjì péré ni olú yìí fi ń wuyì. Àǹfààní kan ṣoṣo tí mo rí nínú gbígbin olú sí erékùṣù tí ilẹ̀ rẹ̀ gbówó lórí tó báyìí nìyẹn: ẹnu ọjà ni oko wà.

Àwọn ìyá ọjà mọ olú, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn. Ní ọdún 1975 ni B. A. Oso, onímọ̀ nípa ewéko ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ̀wé sínú ìwé àtìgbàdégbà Mycologia lórí olú láàárín àwọn Yorùbá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni olúọ̀rán àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń hù níbi tí ikán bá wà. Ikán ló ń gbìn wọ́n, òjò ló ń pè wọ́n, a ò tíì lè fi àpò gbà wọ́n lọ́wọ́ ikán. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà bá béèrè pé, "Ìyá, ṣé ti inú igbó nìyí?", kí wọ́n sọ òótọ́ fún un. Òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ tó bá dé ẹnu.

Aago 9

Ọkọ̀ tó gbé lẹ́búlẹ́bú pákó dé láti Òkóbàbá, ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta, lódì kejì ọ̀sà. Láti ọdún gbọọrọ ni àwọn ọlọ́jà pákó ti ń fi ọ̀sà tu igi wá sí ibẹ̀, ohun tí ayùn sì ń tu jáde ń di òkìtì, wọ́n ń dáná sun ún, èéfín rẹ̀ ń bá àwọn tó ń gba afárá Third Mainland kọjá. Ìjọba ti ń kó wọn lọ sí Àgbọ̀wà. Ohun tí olú ń wá nínú òkìtì yẹn ni ti arère, igi rírọ̀ tí àwọn ará Ghana ń pè ní wawa, tí àwọn agbẹ̀ olú ibẹ̀ sì ń lò dáadáa. Igi tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa lára kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀.

A ó fi èèrí ìrẹsì àti láìmù díẹ̀ pò ó, a ó fi omi rin ín, a ó rọ ọ́ sínú ọ̀rá, a ó sì fi ooru omi gbígbóná sè é nínú dúrọ́ọ̀mù fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí Trichoderma, ọ̀tá aláwọ̀ ewé tó ń jẹ fọ́nrán olú, má bàa bá wa débẹ̀. Irúgbìn tí a ó fi sí i, orí ọkà bàbà ni wọ́n ti ń tọ́ ọ. FIIRO ní Òṣòdì wà lára àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí. Ohun tó kan ayàwòrán ilé ni ibi tí dúrọ́ọ̀mù yóò dúró sí. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wá, nítorí náà ẹ̀yìn ilé, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, ni iná yóò wà. Bí ẹ bá gbé e sí iwájú, gbogbo ooru àti èéfín rẹ̀ á gba ihò tí a fọgbọ́n ya wọlé padà.

12:49 ọ̀sán

Oòrùn kan àtàrí. Ògiri ò rí oòrùn mọ́, òrùlé nìkan ló ń gbà á. Ní mítà onígun mẹ́rin kan, ooru tó ń bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ tó nǹkan bíi 900 wáàtì. Òrùlé wa jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 60. Ẹ gbá a pọ̀: 54,000 wáàtì, bí ìgbà tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tó lé ní àádọ́ta lélẹ̀ lórí ilé, tí gbogbo wọn sì gbóná.

Èkó ti rí ilé fífúyẹ́ tí kò ro tèyí. Nínú ìwé tí Richard Burton, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1863, ó fi ilé onírin tí wọ́n gbé wá fún kọ́ńsùlù wọn ní Èkó ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní pósí onírin ni, tí kọ́ńsùlù kan ń kú sí lọ́dọọdún. Ibà ló ń pa wọ́n, a mọ ìyẹn lónìí, ṣùgbọ́n páànù yẹn kò bá ẹnikẹ́ni ṣàánú. Àwọn Àgùdà àti Sàró tó kọ́lé lẹ́yìn náà ní Pópó Àgùdà àti Olówógbowó gbé àjà sókè, wọ́n ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíká, wọ́n sì fi pátákó pẹlẹbẹ ṣe fèrèsé kí afẹ́fẹ́ máa wọlé láìsí oòrùn. Páànù náà ni wọ́n fi bolé. Ohun tí wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ilé olú wa ṣe bíi tiwọn, pẹ̀lú ohun tó fúyẹ́ jù. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ méjì. Ti òkè ni páànù tó ń dán, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Àlàfo ọgbọ̀n sẹ̀ńtímítà wà lábẹ́ rẹ̀, ó ṣí ní ìhà méjèèjì kí afẹ́fẹ́ máa gbá ooru jáde. Lábẹ́ ìyẹn ni ẹní tàbí nẹ́ẹ̀tì dúdú wà, ọ̀rá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ronú nípa ìmọ̀ọ̀ pẹ̀lú. Ó tutù, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìmọ̀ọ̀ ni iná fi ń gba orí ilé dé orí ilé. Láàárín ilé tó fún pọ̀ báyìí, mi ò ní í dá a padà.

Aago 3 ọ̀sán

Wákàtí tó le jù. Ìta ti dé dígírì 32, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Olú ń fẹ́ 85 sí 90. Ẹni tó ń wọ́n omi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé bí wọ́n bá ti ń wọ́n omi sí i ni yóò máa tutù sí i. Rárá o. Omi tó ń gbẹ ló ń mú ooru lọ, afẹ́fẹ́ Èkó tó sì ti mu omi yó kì í gba púpọ̀ mọ́. Ní dígírì 32 pẹ̀lú ọ̀rinrin 65, bí ẹ bá wọ́n omi títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ ò lè sọ̀kalẹ̀ ju nǹkan bí dígírì 26 tàbí 27 lọ. Kánò ní àsìkò ọyẹ́ yàtọ̀. Ibẹ̀ ni omi ti ń ṣiṣẹ́ ìyanu. Tiwa, ibòji ló máa ṣe é, omi kàn ń ran ibòji lọ́wọ́. Omi kànga erékùṣù náà sì lè níyọ̀ nínú, kí wọ́n tọ́ ọ wò kí wọ́n tó wọ́n ọn sára olú. Omi òjò láti orí páànù dára jù.

Atẹ́gùn òkun dé ní wákàtí yìí, ṣùgbọ́n àwọn ilé gíga Marina ti dúró dè é. Apá tó fò wọ́n kọjá ló kù fún wa.

Aago 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo fi ìjì sí ọjọ́ yìí, torí oṣù Igbe kì í lọ láìmú ọ̀kan wá. Ìlà-oòrùn ṣú, atẹ́gùn yí padà lójijì, ó sì ń sáré ní mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé fífúyẹ́ wà níbí. Ayàwòrán á ṣírò ohun tí òpó yóò gbé, á gbàgbé ohun tó fẹ́ gbé òpó. Atẹ́gùn tó ń sáré báyìí lè fa òrùlé sókè pẹ̀lú agbára bíi kìlò 24 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Lórí 60, ó lé ní 1,400 kìlò. Páànù wa lápapọ̀ kò tó 100.

Lódì kejì ọ̀sà, ní Mákòkó, ilé-ìwé lórí omi tí Kúnlé Adéyẹmí yà, tí wọ́n parí ní 2013, wó ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2016 nínú òjò ńlá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Gbogbo ayé ló ti ń yìn ín, òjò ò gbọ́.

Ohun tó máa dí ilé wa mú wà nínú rẹ̀ ná. Àpò 3,000 kìlò wúwo ju ohun tí ìjì lè fà lọ, bí a bá so wọ́n rọ̀ mọ́ òpó àti igi àjà gan-an, dípò kí a tò wọ́n sórí pẹpẹ tó dá dúró. Gbogbo oríkèé ni kí wọ́n fi okùn àti bóòtù dè, kì í ṣe ìṣó nìkan, torí ìṣó máa ń yọ bí igi bá ń gbọ̀n.

Aago 7 alẹ́

Oòrùn ti wọ̀ ní nǹkan bí 6:55. Òjò ti mú ooru lọ, ọ̀rinrin ti pé. Bí ihò bá ṣí, orí kéékèèké á yọ lójú àpò kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni ju kí wọ́n da omi tó rọ́ sórí ilẹ̀ jáde.

Aago 10 alẹ́

Ìṣirò ọ̀la. Àpò 1,700 ti so ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ti rẹ̀, wọ́n á jáde láàárọ̀ lọ di ajílẹ̀. Bí wọ́n bá jáde, èyí tó kù nínú ilé kò ní í tó 1,400 kìlò mọ́, àpò tuntun kò sì ní í ṣetán fún ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó tú àpò kan ṣoṣo, kí wọ́n ti rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, bí 40, kí wọ́n sì so wọ́n rọ̀ sí àyè àwọn àpò náà, mọ́ ẹsẹ̀ òpó, títí àwọn tuntun á fi wọlé.