Iṣẹ́ abẹ oníhò kéékèèké fún àsanjù

Iṣẹ́ abẹ tí dókítà ń fi kámẹ́rà àti irin tín-ín-rín ṣe láti ojú ihò mélòó kan lára ikùn, kí ẹni tó sanra jù lè fọn. Nínú oríṣi kan, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù dànù. Nínú òmíràn, wọ́n á so apá kékeré òkè rẹ̀ mọ́ ìfun. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwádìí ilẹ̀ Sweden tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987 fi hàn ní 2007 pé ikú dín kù láàárín àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ àsanjù (ikùn gbọọrọ ni wọ́n là fún ọ̀pọ̀ wọn ṣá o, kì í ṣe ihò kéékèèké).

Níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà dunjú, ikú láàárín 30 ọjọ́ kì í sábà ju 2 nínú 1,000 lọ. Ọ̀kan lára ewu tó le jù ni kí ojú ìrán máa jò lẹ́yìn tí aláìsàn ti délé; àmì rẹ̀ ni ibà, inú rírun, àyà tó ń sáré. Kíá ló yẹ kí ẹni tó bá rí àmì yìí padà sí ilé ìwòsàn; nítorí náà, fún ará Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomaiko ní Èkó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Àgbádárìgì wà lára ohun tó yẹ kó rò: Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n Ìkẹjà ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, òkèlè ẹ̀bà á kéré títí ayé, fítámì B12 ò sì gbọdọ̀ wọ́n.