Ẹ̀yìn Ríro Nínú Ìṣègùn Homeopathy

Lójú àwọn oníṣègùn homeopathy, ẹ̀yìn ríro kì í ṣe àìsàn tó dá dúró; àmì ni pé agbára ìyè tó ń darí gbogbo ara ti dàrú. Samuel Hahnemann (1755–1843), dókítà ará Jámánì, ló dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Ní 1828, ó kọ ọ́ pé àbàwọ́n mẹ́ta tó fara sin ni gbòǹgbò àìsàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀: psora tó bá ara yíyún tan, sycosis tó bá àtọ̀sí tan, àti syphilis. Nítorí pé gbogbo ara ni wọ́n ń wò, àwọn oníṣègùn homeopathy máa ń béèrè nípa oorun, ìbànújẹ́ àti ohun tó ń mú ìrora le tàbí rọ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ gan nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, àmọ́ tó ń rọ̀ bó ṣe ń rìn, oògùn tí wọ́n ń pè ní Rhus toxicodendron ni wọ́n ń fún un. Ẹni tí tirẹ̀ ń le bó bá ti mira, èyí tí wọ́n ń pè ní Bryonia ni.

Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní kò gba àlàyé yìí. Iṣan tó fà tàbí egungun ẹ̀yìn tó ti jẹ ni òun ń wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kì í rí okùnfà pàtó lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n sì ti fi omi la púpọ̀ nínú oògùn homeopathy débi pé ohun tí wọ́n fi ṣe é kì í ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ mọ́.