Kakuri àti Makera: Àgbègbè Ilé Iṣẹ́ ní Gúúsù Kàdúná

Láti orí òkè Jos ni Odò Kàdúná ti ń ṣàn wá kí ó tó lọ wọ inú Odò Ọya, òun ni ó sì pín ìlú Kàdúná sí méjì. Apá àríwá odò ni àwọn ọ́fíìsì ìjọba, Lugard Hall àti ọjà ńlá wà. Apá gúúsù ni Makera, Kakuri àti Barnawa wà, níbi tí èéfín ilé iṣẹ́ ti máa ń rú láàárọ̀ lálẹ́ nígbà kan rí.

Kàdúná kì í ṣe ìlú àtijọ́ bí Sáríà tàbí Kánò. Lugard ni ó yàn án láti rọ́pò Zungeru gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú Àríwá. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1913, ìjọba sì kó débẹ̀ ní 1917. Ṣùgbọ́n ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Kánò ti ṣáájú ìjọba débẹ̀. Nígbà tí ojú irin ti Port Harcourt náà dé ní àwọn ọdún 1920, gúúsù odò di oríta tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé.

Ohun mẹ́ta ni ó fa ilé iṣẹ́ wá sí ibẹ̀. Èkíní ni ojú irin tí ń kó ẹrù. Èkejì ni omi odò, nítorí kò sí bí a ti lè fọ aṣọ tàbí kí a rẹ ẹ́ láìsí omi púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni òwú tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ní agbègbè Sáríà àti Funtua. Ní 1957, ìjọba Àríwá pẹ̀lú ilé iṣẹ́ David Whitehead láti Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Kaduna Textiles sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Arewa Textiles, United Nigerian Textiles àti ilé ọtí bíà tẹ̀ lé e. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kakuri.

Hausa, Yorùbá, Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà gúúsù Kàdúná jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kan náà. Bí àwọn kan ti ń wọlé ni àwọn mìíràn ń jáde, tọ̀sán tòru. Owó oṣù wọn ni olóúnjẹ, onílé àti aránṣọ fi ń jẹun.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ó pa iṣẹ́ aṣọ. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, owó òkèèrè tí a fi ń ra ẹ̀yà ẹ̀rọ di ọ̀wọ́n. Iná mànàmáná kò dúró, epo dúdú tí ń gbóná ẹ̀rọ wọ́n sí i, aṣọ òkèèrè olówó pọ́ọ́kú sì ń gba ẹnubodè wọlé ní fàyàwọ́. Kaduna Textiles kógbá sílé ní 2002. United Nigerian Textiles ti ìlẹ̀kùn ní 2007, nǹkan bí 4,000 ènìyàn sì pàdánù iṣẹ́. Wọ́n tún un ṣí ní 2010, ṣùgbọ́n kò padà sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àtijọ́ ni ó dákẹ́ kí owó ẹ̀tọ́ wọn tó tẹ àwọn opó wọn lọ́wọ́.

Ohun tí ó bàjẹ́ ju owó lọ. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì kó wá sí gúúsù. Ilé iṣẹ́ wà lára àwọn ibi tí wọ́n ṣì ti ń bá ara wọn pàdé lójoojúmọ́. Bí èyí náà ti ń tì, ìpàdé ń dín kù.

Odò ṣì ń ṣàn, ojú irin ṣì wà nílẹ̀, òwú kò sì kọ̀ láti hù ní Funtua. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ pé odò, ojú irin àti òwú ni ó dá Kakuri sílẹ̀, ìdajì ẹ̀kọ́ ni a kọ́ ọ. Ilẹ̀ lè pe ilé iṣẹ́ wá. Ìtọ́jú ọmọ ènìyàn ni ó lè mú un dúró.