Bàbà àti Wúrà: Mẹ́táàlì Méjì Lórí Àtẹ Ọjà Balógun

Nígbà tí owó ilé-ìwé mi kò pé lọ́dún tó kọjá, ìyá mi tú ẹ̀gbà ọrùn kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, ó ní kí n sin òun lọ tà á ní Balógun. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá oní-góòlù tó gbà á lọ́wọ́ wa kì í ṣe aláròyé. Ó gbé e lé ìwọ̀n, ó mi orí. Ó ha igun rẹ̀ díẹ̀, ó fi ibi tó ha náà fa ìlà sára òkúta dúdú kan, ó sì kán ásíìdì sí i. Kí a tó mọ̀, ìlà náà ti hó, ó ti pòórá. Ó ní, "Ẹ má bínú, màmá. Bàbà ni. Wọ́n kàn fi omi góòlù kùn ún lára ni."

Ìyá mi ò sọ nǹkan kan títí a fi rìn dé ìdíkọ̀ CMS. Ibẹ̀ ló ti bi mí pé, "Ìwọ tó ò ń kọ́ nípa ìtàn, ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé bàbà ò já mọ́ nǹkan?" N ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo rí lẹ́yìn tí mo ti wádìí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín níbí.

Ẹbí kan náà ni wọ́n

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe kẹ́mísírì ní sẹ́kọ́ńdìrì á rántí pé òpó kan náà ni bàbà àti wúrà wà nínú àtẹ àwọn èròjà, ìyẹn òpó 11, fàdákà ló wà láàárín wọn. Nọ́ńbà 29 ni bàbà, àmì rẹ̀ ni Cu. Nọ́ńbà 79 ni wúrà, àmì rẹ̀ ni Au. Ọ̀pọ̀ mẹ́táàlì ló funfun tàbí tó rí bí eérú, ṣùgbọ́n bàbà pupa, wúrà sì ní àwọ̀ ìyeyè. Àwọn méjèèjì rọ̀ lábẹ́ òòlù, wọ́n sì ṣeé fà gùn bí òwú. Ooru tó ń yọ́ wọn kò jìnnà síra: 1,085°C fún bàbà, 1,064°C fún wúrà. Ẹni tó bá ní iná tó lè yọ́ ọ̀kan, ó lè yọ́ èkejì.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Wúrà wúwo ju bàbà lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀: 19.3 giráàmù nínú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan, nígbà tí bàbà jẹ́ 8.96. Ìdí nìyẹn tí bàbá oní-góòlù fi kọ́kọ́ mi orí nídìí ìwọ̀n. Afẹ́fẹ́ àti omi máa ń ba bàbà jẹ́, á ṣú, á sì yọ àwọ̀ ewé. Wúrà kì í ṣú, kì í dípẹtà. Ásíìdì nítíríìkì ń jẹ bàbà, kò lè jẹ wúrà àfi tí wọ́n bá pò ó mọ́ ásíìdì háídírókúlọ́ríìkì. Ṣùgbọ́n tó bá di ká gbé iná mànàmáná kọjá, bàbà borí wúrà. Fàdákà nìkan ló ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: wúrà ògidì rọ̀ jù fún ohun ọ̀ṣọ́. Nínú góòlù 18 kárátì, ìdá 18 nínú 24 ni wúrà, mẹ́táàlì mìíràn ni ìdá 6 tó kù, bàbà sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi góòlù ṣe fáàrí ń gbé bàbà kiri láìmọ̀.

Nígbà tí bàbà níyì

Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú àwọn orí tí gbogbo ayé wá mọ̀ lónìí jáde. Idẹ ni púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn bàbà tí wọ́n pò mọ́ síǹkì. Ṣùgbọ́n ère ojú Ọbalùfọ̀n tí wọ́n tọ́jú sí ààfin Ọọ̀ni, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlú ni wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ líle nìyẹn, nítorí bàbà tó yọ́ máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, kì í sì í fẹ́ ṣàn wọ gbogbo igun amọ̀ tí wọ́n ń dà á sí. Idẹ ló rọrùn láti dà. Àwọn baba wa mọ èyí tó rọrùn, wọ́n sì tún mọ èyí tó le í ṣe.

Bàbà kò pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá. Ní 1353, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Morocco, dé Takedda, nínú ilẹ̀ tí à ń pè ní Niger lónìí. Ó rí i tí wọ́n ń wa bàbà nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń rọ ọ́ ní ọ̀pá, tí wọ́n ń fi ọ̀pá náà ná bí owó, tí wọ́n sì ń kó bàbà lọ sí Gobir àti Borno. Bẹ́ẹ̀ wúrà wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítòsí Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá wà, tí wọ́n ti yọ́ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2021. Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ yẹn: ìlẹ̀kẹ̀ iyì ni sẹ̀gi. Ìlẹ̀kẹ̀, idẹ àti bàbà ni àwọn baba wa fi ń mọ ọlọ́lá. Òpìtàn Eugenia Herbert kọ odindi ìwé lórí èyí ní 1984, ó fi hàn pé níbi púpọ̀ ní Áfíríkà, bàbà ló níyì ju wúrà lọ.

Bàbà ra ènìyàn, ènìyàn ra wúrà

Apá yìí ló nira jù fún mi láti kọ. Ní 1482, àwọn Potogí kọ́ ilé olódi sí Elmina, ní Ghana òde òní, nítorí wúrà. Láàárín 1505 sí 1508, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ wọn, Duarte Pacheco Pereira, kọ ìwé nípa etíkun wa. Ó mẹ́nu kan ọ̀sà Èkó, ọ̀sà kan náà tí à ń rí láti Marina, ó sì ní ìlú ńlá kan wà lókè rẹ̀ tó pè ní Geebuu. Ìjẹ̀bú nìyẹn. Ó ní ẹrú ni ọjà tó wà níbẹ̀ jù, ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ 12 sí 15 sì ni iye ẹnì kan. Iye kan náà ni wọ́n ń san ní Bìní, ó sì fi kún un pé ẹ̀gbà bàbà ni wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀. Láti Bìní, wọ́n ń kó àwọn ènìyàn náà lọ sí Elmina, wọ́n ń fi wọ́n gba wúrà.

Ẹ tún un kà. Bàbà wọlé, ènìyàn jáde, wúrà lọ sí Lisbon. Ẹ̀gbà 15, ènìyàn kan.

Bí ọkọ̀ òyìnbó ṣe ń kó ẹ̀gbà wọlé láìdáwọ́ dúró, ohun tó ṣọ̀wọ́n tẹ́lẹ̀ di ohun tó kúnlẹ̀, iyì rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Ní ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ẹ̀gbà náà ṣì jẹ́ owó ọjà títí di 1948, tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà. Bíi mílíọ̀nù 32 ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì tà á bí àlòkù mẹ́táàlì.

Kọ́bọ̀ àti fóònù

Ní Èkó, bàbà fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu wa. Copper ni òyìnbó ń pè é, ahọ́n wa yí i sí kọ́bọ̀. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ 1973, bàbà ló pọ̀ jù nínú ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀ kan. Lónìí, ẹ mú kọ́bọ̀ lọ sí Balógun kí ẹ wò ó bóyá wọ́n á dá yín lóhùn.

Síbẹ̀, bàbà ni wáyà tó ń gbé iná wọ inú ṣọ́ọ̀bù oní-góòlù yẹn. Nínú fóònù tí ẹ fi ń ka èyí, bàbà ló ń gbé iná kiri, wúrà tín-ín-rín sì wà ní ojú ibi tí irinṣẹ́ ti ń fara kan ara wọn, kí ó má baà dípẹtà. Ohun tí òkúta dúdú yà sọ́tọ̀ ní Balógun, iṣẹ́ ti dà wọ́n pọ̀.

Èsì mi fún màámi

Yorùbá ní, ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Ohun tí mo fi dá ìyá mi lóhùn nìyí: kò sẹ́ni tó sọ pé bàbà ò já mọ́ nǹkan. Ó pọ̀ lọ́jà ju wúrà lọ ni, ó sì ń ṣú. Ẹni tó ra nǹkan àti ẹni tó tà á ló ń fi iyì lé e lórí, iyì náà sì ń yí padà. Àwọn tó ń ṣòwò létí ọ̀sà yìí nígbà náà, òyìnbó àti tiwa, mọ iyì bàbà, wọ́n sì mọ iyì wúrà. Iyì ènìyàn tó wà láàárín méjèèjì ni wọn ò mọ̀.

A wá owó ilé-ìwé náà níbòmíràn. Ìyá mi kò ju ẹ̀gbà ọrùn náà nù. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ ojú ibi tí wọ́n ha, ó pọ́n rokoṣo, ó sì dá a padà sínú àpótí.