Ọ̀rọ̀ Tí A Yá Lọ́wọ́ Àrùn: Linux àti Ààbò Kọ̀ǹpútà Ilé ní Yábàá



Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe èyí tí ẹ retí lẹ́nu olùkọ́ lítíréṣọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń lo Linux ní Yábàá àti Sùúrùlérè ni wọ́n ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Linux ni ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni lè ka bí a ti ṣe kọ ọ́, tí ó sì lè tún un ṣe. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tí ń lò ó nínú ilé tún ra ètò adènà fáírọ́ọ̀sì, tí gbogbo wa mọ̀ sí antivirus? Apá kan ní kò sí fáírọ́ọ̀sì tí ó lè ran Linux. Apá kejì ní kọ̀ǹpútà tí kò ní antivirus dà bí ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo dá sí i nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dá àríyànjiyàn náà sílẹ̀, inú ìwé ìtàn àròsọ ni ọ̀rọ̀ náà sì ti wá.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, Yábàá ti mọ fáírọ́ọ̀sì tòótọ́. Ní 1925 ni àjọ Rockefeller fi ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lélẹ̀ níhìn-ín. Ní 1927, àwọn oníṣègùn ibùdó náà gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n fi í sára ọ̀bọ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wọn ṣe tẹ fáírọ́ọ̀sì náà. Kí ọdún náà tó parí, àrùn ọ̀hún pa Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, ní Èkó. Láti inú fáírọ́ọ̀sì ara Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937, èyí tí ayé ń lò títí di òní. Ẹ kíyè sí bí ó ti ń ṣiṣẹ́: a mú àrùn tí a ti sọ di aláìlágbára, a fi kọ́ ara, ara sì ń gba ara rẹ̀ là.

Kọ̀ǹpútà kò ní irú ara bẹ́ẹ̀. David Gerrold ni ó pe ètò kan tí ń ràn láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ ní VIRUS nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ti 1972. John Brunner pe tirẹ̀ ní aràn ní 1975. Nígbà tí Fred Cohen, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà, kọ ètò tí ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ ní 1983, Leonard Adleman, olùkọ́ rẹ̀, sọ ọ́ ní fáírọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà ni àfiwé ti di òtítọ́ lójú wa. Ká ní olè ni wọ́n pè é, ta ni ìbá bèèrè abẹ́rẹ́? Ilẹ̀kùn ni à bá máa yẹ̀ wò.

Àfiwé náà kò ṣàì ní ìdí. Àwọn ẹ̀rọ DOS àti Windows àtijọ́ dà bí agboolé tí yàrá rẹ̀ kankan kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo gbé fíláàṣì tí orí ìwé mẹ́ta wà nínú rẹ̀ lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú nígbà kan. Nígbà tí mo fi gbé e délé, gbogbo fódà ti pòórá, àwọn àmì asán ni ó rọ́pò wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkọkà ni ó bá mi wá wọn jáde. Wọ́n wà níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ni ó fi wọ́n pamọ́. Lórí Linux ni ó ti ṣe é, níbi tí ohun tí a kọ fún Windows kò ti lè ta pútú.

Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux ní Finland ní 1991, lórí àpẹẹrẹ Unix, tí ó gbajúmọ̀ lórí ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jùmọ̀ ń lò. Nítorí náà ni ilẹ̀kùn fi wà níbẹ̀ láti ìpìlẹ̀: ẹni tí ń lo ẹ̀rọ kì í ṣe baálé, ètò tí ó bá ṣí kò sì gbọdọ̀ wọ yàrá baálé àfi bí ó bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà yọ̀ǹda rẹ̀. Staog ti 1996 àti Bliss ti 1997, tí a kọ láti ran Linux, kò tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: àwọn tí ń lò ó nínú ilé kò pọ̀, ibùdókọ̀ tí èrò bá pọ̀ sí ni gbéwiri sì ń dúró sí. Ìwé àti àwòrán wa pẹ̀lú, yàrá tiwa ni wọ́n wà, kì í ṣe ti baálé.

Ẹ wo Liberia. Ní 2016, Daniel Kaye, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, fi Mirai kọlu Lonestar, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù níbẹ̀. Kámẹ́rà àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé àwọn ẹlòmíràn ni ó fi ṣe ọmọ-ogun, Linux sì ni ó wà nínú wọn. Bí 60 ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ̀rọ bá ti ilé-iṣẹ́ wá ni Mirai ń dán wò. Àwọn tí ó ra ẹ̀rọ kò yí i padà. Ní Oṣù Kìíní 2019 ni ilé-ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n oṣù 32. Ní Oṣù Kẹta 2024 ẹ̀wẹ̀, Andres Freund ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ kan fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá. Ó tọpa rẹ̀ dé xz, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnìkan tí ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti gbé síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tí ó fi ń wá ojú rere àwọn olùtọ́jú ètò náà. Kì í ṣe antivirus ni ó rí i. Ènìyàn ni, nítorí pé ìwé náà ṣí sílẹ̀ fún kíkà.

Ọlọ́dẹ tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá náà lè wó ilé. Ní ọjọ́ 19 Oṣù Keje 2024, àtúnṣe kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ààbò, dá nǹkan bí 8,500,000 ẹ̀rọ Windows dúró.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí ń lo Linux nínú ilé ní Sùúrùlérè tàbí Múṣin kò níláti ra antivirus. Ewu tirẹ̀ wà níbòmíràn. Mo mọ àwọn tí kì í gba àtúnṣe nítorí pé dátà wọ́n. Ilẹ̀kùn tí ó ti jẹrà ni wọ́n ń tì sùn. Àwọn mìíràn a máa da àṣẹ tí àjèjì kọ kọ láìkà á, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà baálé sí i. Bí wọ́n bá jí kọ̀ǹpútà wa nínú ọkọ̀, tí a kò sì ti sọ ohun inú rẹ̀ di àdììtú nígbà tí a ń fi Linux sí i, olè yóò kà á bí ó ti wù ú. Èyí tí ó burú jù ni ẹni tí ń pè wá lórí fóònù pé ilé ìfowópamọ́ wa ni òun ti ń pè, kí a ka nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sétí òun. Kò sí antivirus tí ó lè gbọ́ ohùn yẹn.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbà fún apá kejì. Linux lè gbé fáírọ́ọ̀sì Windows kiri láìṣàìsàn, kí ó sì kó o ran aládùúgbò. Linux ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Èmi kò ra nǹkan kan sí i. ClamAV, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni mo fi ń yẹ fíláàṣì mi wò kí n tó gbé e lọ sí Ṣómólú.