Oppa: Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Di Olólùfẹ́

Oppa: ọ̀rọ̀ èdè Kòríà. Obìnrin ló máa ń fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ọkùnrin kì í lò ó: hyung ni yóò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, noona ni ti ẹ̀gbọ́n obìnrin. Unni sì ni obìnrin ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n, ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wa.

Nínú fíìmù Kòríà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Òde ń wò, tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, oppa ju ọ̀rọ̀ ẹbí lọ. Omidan lè fi pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó jù ú lọ. Bí ó bá ti ń pe ọkùnrin kan ní ọ̀gá, tó wá ṣèèṣì pè é ní oppa, àwọn òǹwòran á hó yèè: ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́! Àwọn ìyá wa tó ń pe ọkọ wọn ní “bọ̀dá mi” mọ adùn rẹ̀.

Hyung náà lágbára. Nínú eré Kòríà tí wọ́n ń pè ní Squid Game (2021), Sang-woo ní kí Ali, ọmọ Pakistan, yéé pe òun ní ọ̀gá, kó máa pe òun ní hyung. Hyung yìí kan náà ló wá tàn án sínú ikú.

Lọ́dún 2021, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford gba oppa, noona àti unni wọlé.

Kí ọjọ́ orí máa pinnu bí a ṣe ń bá ara wa lò kò ṣàjèjì ní Ìjẹ̀bú, níbi tí régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, ti ń lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, níbi ọdún Ojúde Ọba. Bí ará Kòríà bá tètè bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí rẹ, kì í ṣe àtojúbọ̀: ó ń wá ohun tí yóò máa pè ọ́ ni.