Ta Ni Yóò Gbọ́ Tẹnu Ẹni Tí Wọ́n Gba Ìwé Àṣẹ Rẹ̀?

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ó pẹ́ kí òfin òyìnbó tó gba ọ̀rọ̀ yìí lórí ìwé àṣẹ iṣẹ́.

Ní Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, aláṣẹ ọ̀rọ̀ aṣọ wọ́gi lé ìwé àṣẹ oníṣòwò kan, Nakkuda Ali, lórí ẹ̀sùn màgòmágó kúpọ́ọ̀nù. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní London. Lọ́dún 1950, àwọn adájọ́ ní àǹfààní lásán ni ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń gbà á padà kò ní láti ṣe bí adájọ́. Ọdún 1963 ni House of Lords yí ohùn padà, nínú ẹjọ́ Ridge, ọ̀gá ọlọ́pàá Brighton tí wọ́n lé láìkọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Lord Reid bu ẹnu àtẹ́ lu ìdájọ́ ti Ceylon.

Wo New South Wales ní Australia. Òfin iṣẹ́ sìkiọ́rítì wọn ti 1997 fún ọ̀gá ọlọ́pàá lágbára láti wọ́gi lé ìwé àṣẹ ẹni tí kò yẹ mọ́. Ṣùgbọ́n onítọ̀hún lè gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ lọ. Ìgbìmọ̀ yìí kì í kàn wo bóyá ọlọ́pàá tẹ òfin lójú; ó ń tú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò, ó sì ń ṣe ìpinnu tó tọ́ jù. Àbùkù kan ni pé òfin kò gbà kó tú àṣírí ìròyìn tí ọlọ́pàá kó jọ nípa ọ̀daràn. Èèyàn lè pàdánù iṣẹ́ nítorí ìwé tí kò ní rí kà láé.

Àwa ńkọ́ ní Nàìjíríà? Láyé ológun, lọ́dún 1986, òfin fi ìwé àṣẹ àwọn iléeṣẹ́ aláàbò aládàáni sọ́wọ́ mínísítà. Abala 36 ìwé òfin 1999 sì ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu èèyàn kí wọ́n tó pinnu lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ìpinnu náà má sì jẹ́ àṣekágbá. Ilé ẹjọ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ kò bá ebi mu. Bí iléeṣẹ́ kan bá pàdánù ìwé àṣẹ, máígáàdì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jókòó sílé.

N kò ní kí olè máa ṣọ́ ilé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgbìmọ̀ tó yára, tó sì dá dúró, ló yẹ kó wà láàárín mínísítà àti oúnjẹ òòjọ́ ẹlòmíì.